Àmín Tíṣà Fọlájìmí

Kí Fọlájìmí tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ni ó ti mọ ohùn kan. Bàbá rẹ̀, Kátíkísì ìjọ Áńgílíkà tó wà ní Ìdí-Ọsàn lẹ́yìn Akanran, yóò jókòó sídìí dùrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pátákó ìsàlẹ̀, yóò sì máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Pátákó náà á dún kíì-kọ̀, kíì-kọ̀, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Lẹ́yìn náà ni inú dùrù á fa èémí, hẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ ń rò ó. Orin kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣì wà lókè. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó sórí símẹ́ǹtì tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ á ti mú èémí tirẹ̀ náà dání, á máa dúró.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta báyìí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe kiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè Ọ̀nà-Àrà, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, àti àwọn tó kọ́ àti àwọn tí kò kọ́. Ó ní oko àgbàdo kan àti oko ẹ̀gẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀, Títíladé, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, máa ń sọ pé ọkùnrin méjì ni òun fẹ́: ọ̀kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí tíṣà, àti ọ̀kan tó máa ń dákẹ́ bí dùrù tí wọ́n ti pa dé.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìjọ sì fi í sídìí dùrù. Ó jókòó níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹni tí wọ́n bí sínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ mọ bí orin ṣe ń parí níbẹ̀. Bí ẹsẹ tó kẹ́yìn bá tán, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọdọ̀ jókòó. Atẹdùrù á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, á tún sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, gbogbo ìjọ á sì dáhùn, "À-mín." Bí orin ìdúpẹ́ ni, bí orin ìsìnkú ni, bí orin ìgbéyàwó ni, ìparí kan náà ni. Kò sí ẹni tó ń rántí pé òun ń ṣe é. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ìjọ ra kíbọ́ọ̀dù tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ìlù á bẹ̀rẹ̀, fèrè á tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á sì máa wo fóònù rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn kò nílò ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́. Wọ́n kó gbogbo orin sínú fláàṣì. Wọ́n ti dùrù ẹlẹ́sẹ̀ sínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ, sẹ́yìn àwọn àga tó ti kán. Tíṣà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọjọ́ Sátidé, á lọ síbẹ̀, á ṣí i, á nu eruku rẹ̀, á fi káńfọ̀ sínú rẹ̀ nítorí eku, á sì pa á dé. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnìkan àfi Títíladé: kí òun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú àwọn ènìyàn, kí ìka ọwọ́ òun tó le.

Ìta ilé ni ó wà, tó ń yín àgbàdo, ní ọjọ́ tí Olúwabùkọ́lá dé. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbàdo tó ti wà lórí àjà láti ọdún tó kọjá sì ti di ohun tí a ń sọ̀ kalẹ̀ fún gbíngbìn. Hóró àárín nìkan ni Tíṣà máa ń yín fún irúgbìn. Ti orí àti ti ìdí, adìẹ ló ni ín. Ó ti yín ìdajì abọ́ ńlá kan nígbà tí ọmọbìnrin náà gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó kúnlẹ̀.

Ìyá àgbà Bùkọ́lá ló ni ilé kẹta sí tiwọn. Nígbà ọlidé gígùn, Ìdí-Ọsàn ni wọ́n máa ń gbé e wá láti Adégbayì, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, bó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbẹ́ dùrù ló máa ń jókòó sí, lórí símẹ́ǹtì tútù kan náà. Ó ti di akọrin báyìí. Orin rẹ̀ kan ti wọ inú gbogbo fóònù láti Adégbayì dé Akanran: orin nípa ọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì ní ìkòríta, tí ìyàwó rẹ̀ po tíì dè é, tí tíì fi tutù, tí kò padà wá. Àwọn ọlọ́kadà náà ń kọ ọ́.

Ó jókòó sórí àpótí, ó mú àgbàdo kan, ó sì ń bá Tíṣà yín in bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé Tíṣà ti gbọ́ nípa òun, kí ó má wulẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Tíṣà ti gbọ́ lóòótọ́. Ní oṣù Kejìlá, ní gbọ̀ngàn kan ní ìhà Lágelú, Bùkọ́lá àti ẹ̀rọ ni wọ́n jọ wà lórí pèpéle. Ẹ̀rọ ń kọrin, òun ń la ẹnu. Bí gbogbo akọrin ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ikọ́ wá gbé e láàárín ẹsẹ kejì. Ó sọ máíkì kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń bá orin lọ láìdúró dè é, ó mọ́ gaara, ó ń dùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Wọ́n ká a sínú fóònù, ó sì yí gbogbo Ìbàdàn po kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ó ní kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kórìíra òun. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ti ń sú wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá síbi eré nísinsìnyí fẹ́ rí ìka tó ń ta gìtá, ó fẹ́ rí òógùn lójú onílù, ó fẹ́ kí akọrin ṣìnà díẹ̀ kí ó sì padà bọ̀. Àwọn akọrin ńlá pàápàá ti ń kó ẹgbẹ́ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ju bọ́tìnnì lọ sì ti ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní fèrè fífọn. Òun náà ti rí onígìtá, ó ti rí onílù, ó ti rí afunfèrè kan. Ohun èlò kan ló kù.

"Tíṣà, ẹ rántí pé dùrù ló bẹ̀rẹ̀ orin yẹn?"

Tíṣà ní kíbọ́ọ̀dù ni òun rò pé ó jẹ́.

"Kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó ṣe orin náà fún mi ló wá ohùn tó jọ ọ́. Mo ní kó bá mi fi kíì-kọ̀, kíì-kọ̀ sí i, kò mọ ohun tí mò ń sọ."

Tíṣà Fọlájìmí gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú abọ́, kò sì mú òmíràn mọ́ ní ọjọ́ náà.

Àlùfáà kò jiyàn rárá nígbà tí Tíṣà ní òun fẹ́ gbé dùrù náà lọ fún eré Bùkọ́lá. Inú rẹ̀ dùn pé yàrá náà yóò gbòòrò díẹ̀. Nígbà tí Tíṣà tú ẹ̀yìn dùrù, ó rí i pé eku ti jẹ igun kan lára ẹwìrì tó ń fẹ́ ẹ, káńfọ̀ ò kàn án. Ó gé túùbù ọ̀kadà bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó gbé òkúta lé e di ọjọ́ kejì. Èémí náà padà. Ọkọ̀ tó máa ń kó ẹ̀gẹ́ láti Akanran ló gbé dùrù lọ sí Adégbayì, fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn lé ni wọ́n sì fi wé e kí ó má baà fara pa. Títíladé béèrè ibi tí òun yóò sùn títí wọn yóò fi dá bẹ́ẹ̀dì padà. Tíṣà ní kí wọ́n tẹ́ ẹní.

"Ẹ kú ìyàwó tuntun," ni Títíladé wí, ó sì wọlé lọ tẹ́ ẹní náà.

Ẹ̀yìn ilé ìyá Bùkọ́lá ni wọ́n ti ń gbára dì. Ọlámipọ̀sí ni olórí wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń ta gìtá, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ó bọ̀wọ̀ fún Tíṣà, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dùrù náà kò yé e. Ohùn rẹ̀ fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ohun èlò yòókù lọ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rẹlẹ̀ bákan náà. Àwọn kan rẹlẹ̀ púpọ̀, àwọn kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ogbó ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fún níbẹ̀ kí ó tò. Gìtá ṣeé tún fún. Afunfèrè lè fi ètè wá a kàn. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò gbà. Ọlámipọ̀sí sì ti kó ohùn díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa dún lẹ́yìn wọn, nítorí ewu, kí ó lè gbé orin ró bí ẹnìkan nínú wọn bá ṣubú. Bí kọ̀ǹpútà àti dùrù bá dún pọ̀, eyín ènìyàn á máa kan.

Ọlámipọ̀sí rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá mú àbá wá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá máa tẹ dùrù wọn lọ níwájú ènìyàn, ó lẹ́wà, ó sì bu ọlá kún pèpéle, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbé máíkì sí i. Kọ̀ǹpútà á máa dún dípò rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?

Tíṣà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Bùkọ́lá ló dìde, tó lọ síbi tí kọ̀ǹpútà wà, tó sì pa á dé bí ẹni pa ìwé dé.

"Mi ò tún fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa la ẹnu lásán lórí pèpéle mi. Bí a bá máa ṣubú, ká jọ ṣubú."

Láti ìgbà náà ni wọn kò ti ní ohun kankan tí yóò dì wọ́n mú mọ́ àyàfi ara wọn. Wọ́n dẹ okùn gìtá kí ó bá dùrù mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà. Tíṣà tẹ̀ ẹ́ bó ti gbọ́ ọ lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, bó ti máa ń fi sábẹ́ ohùn àwọn ìyá ìjọ, àwọn tó kù sì ń wo ara wọn. Nígbà tí orin dé ibi tí tíì ti tutù, onílù fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán lù ú. Ó dára ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Bùkọ́lá kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó fa ohùn náà títí, ó jẹ́ kí ó kú. Ọwọ́ Tíṣà gòkè díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́.

Onílù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Afunfèrè gbé fèrè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà já bọ́. Tíṣà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀.

"Bàbá," ni Ọlámipọ̀sí wí, ó ń nu ojú, "ọkùnrin sá lọ, ẹ ní Àmín."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Tíṣà tó mọ ohun tí òun ṣe. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwà àtijọ́ ni, wọn ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ọlámipọ̀sí ní kò burú, olúkúlùkù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀; ní tiwọn, orin kì í parí rárá, àfi bí iná bá lọ. Wọ́n tún un kọ. Tíṣà tún ṣe Àmín. Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì, kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tún sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ọjọ́ eré wọn tó pé. Bùkọ́lá sin Tíṣà dé ìkòríta, níbi tí yóò ti wọ ọkọ̀ padà. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá àwọn oníbúrẹ́dì. Ó wá ní òun kò fẹ́ kí Tíṣà bínú. Òun fẹ́ràn Àmín náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí òun nígbà tí òun ń wúkọ́ ni yóò wá, fóònù wọn yóò sì wà lọ́wọ́, ohun tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń wá.

"Bí wọ́n bá tún fi mí rẹ́rìn-ín, Tíṣà, mi ò lè gòkè mọ́. Mo mọ ara mi. Bí kò bá ní ṣeé ṣe fún yín, ẹ sọ fún mi báyìí, ká yọ dùrù kúrò."

Tíṣà ní kò ní gbọ́ Àmín lọ́jọ́ náà. Ó ṣèlérí rẹ̀ bó ti máa ń ṣèlérí fún òbí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọwọ́ lórí àyà, ó sì wọ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ni ẹ̀rù ti bà á. Bí ìka ọwọ́ òun kò bá gbọ́ràn, ó mọ̀ pé kì yóò sí ìgbà mìíràn fún òun, kì yóò sì sí fún ọmọ náà.

Títíladé ló kọ́ ọ. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti jẹun tán, Tíṣà á gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, á gbé ẹsẹ̀ lé pátákó méjì, Títíladé á sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ké pe ọkùnrin tó lọ ra búrẹ́dì. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ Tíṣà bá ti gòkè lópin, á fi abẹ̀bẹ̀ gbá a. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó gbá a ní ẹ̀ẹ̀mẹfà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na ọmọ ọlọ́mọ," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbẹ̀san fún wọn."

Ní ọjọ́ karùn-ún ni Tíṣà ṣàwárí pé kì í ṣe ọwọ́ ló ń dẹ́ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ ni. Bí orin bá ti fẹ́ parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa kó èémí jọ sílẹ̀ fún Àmín láìsọ fún un, ọwọ́ á sì rí i pé èémí wà, á lọ ná an. Ó wá ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pátákó kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó tán. Ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, bí ọmọ tí wọ́n ń ya fọ́tò. Títíladé jókòó pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kò sì rí ọwọ́ tí yóò gbá. Ó ń fẹ́ ara rẹ̀ lásán. Ó ní òun kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n orin náà kò tán létí òun mọ́.

Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó gbé àga padà sí àyè rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Aláàkíà ni eré náà wà, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé tí gbogbo ẹnu á dákẹ́ fún un. Àwọn ènìyàn kún inú rẹ̀. Tíṣà wọ agbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn gbé máíkì kan sí iwájú dùrù, Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ sì gbé ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Tíṣà.

Orin márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ kọ láìsí dùrù. Tíṣà jókòó, ó ń wo gbọ̀ngàn náà. Ó rí àwọn fóònù tó wà lókè. Ohùn Bùkọ́lá há lẹ́ẹ̀kan láàárín orin, ó fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tún un kọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Tíṣà.

Tíṣà gbé ẹsẹ̀ lé pátákó. Kíì-kọ̀. Ìró náà jáde láti ara àwọn ẹ̀rọ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tóbi ju ilé lọ. Àwọn kan nínú èrò rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Kíì-kọ̀. Hẹ̀ẹ̀ẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn náà dákẹ́, wọ́n sì mú èémí dání, ọwọ́ Tíṣà ṣì wà lókè. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń retí rẹ̀.

Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú orin náà. Tíṣà kò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ohùn àárín kọ̀ láti dún ní ẹsẹ kejì, tí òun sì fi òmíràn dípò rẹ̀, tí Ọlámipọ̀sí gbọ́ ọ, tó yíjú, tó mi orí. Ó rántí pé ọrùn ń ro òun. Nígbà tí Bùkọ́lá dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tó ń fà á lọ, Tíṣà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí pátákó. Ó gbé ti òsì. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí dùrù, ó gbé méjèèjì lé orúnkún, ó sì dì wọ́n mú níbẹ̀.

Ohùn Bùkọ́lá kú. Èémí tó kù nínú ẹwìrì ń tú jáde díẹ̀díẹ̀, máíkì ilẹ̀ gbọ́ ọ, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Kò sí Àmín. Tíṣà ka ọ̀kan, ó ka èjì. Ó ti ṣe é. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, wọ́n sì jọ ọwọ́ ẹlòmíràn.

"À—"

Bùkọ́lá ni. Ojú rẹ̀ ti pa dé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó mọ̀, bí ẹni tó kọsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ó la ojú, ó rí ibi tí òun wà, kò sì sí ọ̀nà àtipadà. Ó ní láti parí rẹ̀. Kí ó tó dé "mín", àwọn kan nínú gbọ̀ngàn ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà díẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ìyá ìjọ, àwọn tí bàbá wọn ti ṣe kátíkísì níbì kan, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò rò pé àwọn ṣì mọ̀ ọ́n. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, Bùkọ́lá sì fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Tíṣà kò lè mọ̀ láti ibi tó wà bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń sunkún.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti ń fi bẹ́ẹ̀dì wé dùrù, Bùkọ́lá wá bá a. Àtíkè ojú rẹ̀ ti ṣàn.

"Tíṣà, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ìwọ lo ní kí n má tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí ìgbátí símẹ́ǹtì. "Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́nà ọ̀fun tèmi náà."

Tíṣà béèrè bóyá ẹ̀rín wọn dùn ún. Ó rò ó wò. Ó ní rárá. Ti oṣù Kejìlá, ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín ni pé òun kò sí níbẹ̀. Ti òní, òun ni òun ṣe é, ẹnu òun ni ó ti jáde, wọ́n sì bá òun ṣe é. Ọlámipọ̀sí tó ń kọjá pẹ̀lú gìtá rẹ̀ ní kí wọ́n kú iṣẹ́ o, wọ́n ti sọ òun di Áńgílíkà láìgba àṣẹ ìyá òun.

"Níbi eré ti Ẹgbẹ́dá lóṣù tó ń bọ̀," ni Bùkọ́lá wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè máa dá a kọ."

Tíṣà so okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ara dùrù, ó fà á kí ó le, ó so ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yín àgbàdo mi tán," ni ó wí.

Ní ọjọ́ Ajé, Títíladé ti lọ sí Akanran ní kùtùkùtù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ rọ̀, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tó fẹ́ gba nǹkan. Tíṣà gbé abọ́ náà jáde sí ìta, ó gbé àpótí sí ibi tí oòrùn kò tíì dé. Ó mú àgbàdo kan, ó ho orí àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún adìẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yín àárín rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń dùn ún díẹ̀. Ó mú òmíràn. Láàárín kan, ó kíyè sí i pé ẹsẹ̀ òun ti ń tẹ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, kò sì dá a dúró.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò yíká, ó yín in tán, ó ju ṣùkù rẹ̀ sórí àwọn tó kù. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí etí abọ́, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ ìyàngbò kúrò lára irúgbìn náà, ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó di ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e wọlé.